Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ará Ìlú Tó Ń Tọ́ Ọkọ̀ Sọ́nà ní Bengaluru

Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú púpọ̀ lára lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí: àwọn ará ìlú ní Íńdíà tí wọ́n ń jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti bá ọlọ́pàá tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Bengaluru, olú ìlú ìpínlẹ̀ Karnataka, lẹ sì ń béèrè jù. Ọkọ̀ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 10, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló sì jẹ́ alùpùpù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wa á fi máa yí padà sórí ọlọ́kadà ṣáá.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Bengaluru ní òun máa ń rí àwọn kan ní ìkóríta tí wọ́n múra bí ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n tí wọn kì í bu owó ìtanràn lé awakọ̀. Ta ni wọ́n? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Traffic Warden Organisation lorúkọ ẹgbẹ́ wọn. Abẹ́ ọlọ́pàá ìrìnnà ni wọ́n wà, àmọ́ wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, owó oṣù kankan ò sì wọ àpò wọn. Ẹni tó mọ àwọn Special Marshal ti àjọ FRSC nílé níbí ti mọ irú èèyàn tí à ń sọ: ẹni tó ní iṣẹ́ tirẹ̀, tó wá ya wákàtí díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ojú títì.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ ni ibi tí àṣẹ wọn pin sí. Wọ́n lè na ọwọ́, wọ́n lè fọn fèrè, wọ́n lè bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ó tán. Gbígba ìwé ọkọ̀ kò sí níbẹ̀, gbígba owó kò sí níbẹ̀, fífa kọ́kọ́rọ́ yọ lára ọ̀kadà kò sì gbọdọ̀ wáyé rárá. Ti kọ́kọ́rọ́ yìí ló ń bà wá lẹ́rù jù. Alùpùpù tí kò tíì dúró pátápátá, tí ẹnì kan sọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọwọ́ ọkọ̀ á yí, ẹni tó gùn ún á ṣubú, bọ́ọ̀sì sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó jáde láti gba ẹ̀mí là ti di ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ nìyẹn.

Ó wù ú láti bá wọn ṣe. Kí ló yẹ kó ṣe kó tó dúró sójú títì? (Òǹkàwé kan náà)

Ọmọ Nàìjíríà ni, nítorí náà ọ̀rọ̀ físà ló ṣáájú. Kó lọ bi FRRO, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ní Bengaluru, bóyá irú físà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gba irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí láyè. Bí wọ́n bá ní kò sí ìdíwọ́, kó gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ìrìnnà lọ sínú ẹgbẹ́ náà. Kó má ṣe ra fèrè lọ́jà, kó wá yan ìkóríta fún ara rẹ̀. Awakọ̀ á bi í pé ta ló rán an níṣẹ́, kò sì ní rí èsì fún un.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ni kó dúró sí, kó máa wò. Kó ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí iná ń lò lápá kọ̀ọ̀kan títí á fi mọ́ ọn lórí. Kó mọ ibi tí bọ́ọ̀sì ń yà sí, kó mọ ẹnu ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ẹ̀wù àwọ̀lékè tí iná mọ́tò ń mú tàn ni kó wọ̀, ní ọ̀sán bí lálẹ́. Bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀ ló yẹ, nítorí táyà ọ̀kadà ń gun èèyàn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìbòmú N95, fìlà, omi lítà kan àbọ̀. Kò gbọdọ̀ sí ohun tí à ń kì bọ etí láti gbọ́ orin.

Wákàtí méjì ti tó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, èéfín àti ariwo á ti mú ojú rẹ̀ wúwo, ọwọ́ rẹ̀ á máa pẹ́ kó tó gbéra, awakọ̀ á sì ti rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́. A fẹ́ràn ẹni tó ń wá ní wákàtí kan náà, sí igun kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń gbà lójoojúmọ́, wọ́n á mọ ojú rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo láàárín ọkọ̀ rẹpẹtẹ, kí ló lè ṣe? Ṣé kì í ṣe àṣedànù? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò nìkan ṣírò rẹ̀, kó lè yé wa. Nígbà tí iná aláwọ̀ ewé bá tàn, ìlà ọkọ̀ kan máa ń tú bíi mọ́tò kan jáde ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì. Iná tó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá 30, tí a bá yọ 2 tí ẹni iwájú fi ń múra, mọ́tò 14 ló yẹ kó kọjá. Wàyí o, ọkọ̀ mẹ́ta láti apá kejì ti há sí àárín ìkóríta, nítorí wọ́n wọ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ti rí i pé ọ̀nà iwájú wọn kún. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú àáyá 10 wá ọ̀nà jáde, mọ́tò 9 péré ló máa rí àyè kọjá. Bí iná náà bá ń yí po ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, ìgbà 30 ló ń yí láàárín wákàtí kan. Márùn-ún lọ́nà 30 jẹ́ mọ́tò 150, lórí ìlà kan ṣoṣo. Tí mọ́tò kan bá gba mítà 6 nínú ìlà, ìrù ìlà ọkọ̀ náà á gùn tó 900 mítà, ó ti dé ìkóríta ẹ̀yìn, ó sì ti dí ìyẹn náà. Báyìí ni ìlú odindi ṣe ń dì.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni kì í ṣe láti máa pe ọkọ̀ pé "ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀." Ohun tí àwọn tuntun máa ń ṣe nìyẹn, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ọkọ̀ tí kò ní ibi tó ń lọ dúró. Kó wá igun tí ojú rẹ̀ ti lè tó ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa bá jáde. Bó bá rí i pé àyè ọkọ̀ méjì péré ló kù níbẹ̀, kó fi ojú bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ gbé ọwọ́ sókè, kódà bí iná bá ṣì wà lórí àwọ̀ ewé. Awakọ̀ á bínú. Ó tọ́ kó bínú, iná ní kó máa lọ. Ìdí rèé tí ọlọ́pàá fi gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Olùyọ̀ǹda kì í dá iná lẹ́kun fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni ìlà ìdúró. Bí iná pupa bá ti tàn, ọ̀kadà á máa yọ́ gba àárín mọ́tò bọ̀ wá síwájú, títí wọ́n á fi bo ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹlẹ́sẹ̀ á wá rìn níwájú wọn, ní àárín ìkóríta gan-an. Ẹ má ṣe jẹ́ kí olùyọ̀ǹda máa pariwo mọ́ ìlà kẹta àti ìkẹrin, wọn ò lè ṣe nǹkan kan. Ìlà iwájú pátápátá ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀kadà mẹ́fà àkọ́kọ́ bá dúró sẹ́yìn ìlà, wọ́n ti di ògiri, kò sí ibi tí àwọn ẹ̀yìn máa gbà. Kó dúró sí etí pèpéle ẹlẹ́sẹ̀, kó ti na àtẹ́lẹwọ́ láti ìgbà tí iná yẹ́lò bá ti yọ, kó sì tẹjú mọ́ ojú ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ọ̀pọ̀ iná wọn ní nọ́ńbà tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn; tó bá ti ku márùn-ún, ẹsẹ̀ á ti máa yún àwọn ọlọ́kadà. Kí ọwọ́ má sọ̀kalẹ̀ kó tó di òdo.

Iṣẹ́ kẹta wà ní ìdúró bọ́ọ̀sì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ọ́tò, jẹ́ ọmọ ìyá èyí tó ń kó wa kiri ní Èkó: Bajaj, ilé iṣẹ́ tó fìdí kalẹ̀ sí Pune, ló ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Bí ọ́tò mẹ́ta bá gúnlẹ̀ sí ibi tí ó yẹ kí bọ́ọ̀sì BMTC, ìyẹn bọ́ọ̀sì ìjọba, yà sí, bọ́ọ̀sì á dúró sórí ìlà kejì, èrò á sì sọ̀kalẹ̀ sáàárín ọkọ̀. Sísún ọ́tò mẹ́ta yẹn síwájú ní mítà 20 kò gba agbára, ṣùgbọ́n òun ló ń dá odindi ìlà ọkọ̀ kan padà fún títì.

Ọwọ́ wo ni wọ́n ń nà, kí ló sì ń túmọ̀ sí? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ọwọ́ ọ̀tún tó lọ sókè gbọọrọ, tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú, ń dá ọkọ̀ iwájú dúró. Ọwọ́ òsì tó nà sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n èjìká ń dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró. Bí ó bá fẹ́ dá méjèèjì dúró, á gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dọ̀ wọn bíi lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan séèyàn, ṣùgbọ́n ní ìkóríta kò sẹ́ni tó ń kà á sí àrífín. Ọwọ́ tí kò nà tán ló ń fa wàhálà: ìgbọ̀nwọ́ tó tẹ̀ máa ń dà bí ẹni ń pe awakọ̀ pé kó máa bọ̀.

Ẹ sọ fún ẹni yòówù tó bá ń ti Nàìjíríà lọ: apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Íńdíà, bí àwa náà ti ń ṣe kí a tó yí i padà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ máa bá yín bí ẹ bá sọ ẹsẹ̀ sí títì, láti ọ̀tún ló ń bọ̀. Ọrùn tó ti mọ́ lára láti wo òsì ṣáájú nílé gbọ́dọ̀ tún ẹ̀kọ́ kọ́.

Bí awakọ̀ bá bú u ńkọ́? Èdè wo ló máa fi bá wọn sọ̀rọ̀? (Òǹkàwé obìnrin kan, Ilé-Ifẹ̀)

Kannada ni èdè ìpínlẹ̀ náà, àmọ́ àwọn tó ń sọ Tamil, Telugu, Urdu àti Hindi pọ̀ nígboro. Ọ̀rọ̀ méjì ló ń ṣí ọ̀nà jù: "anna," ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, àti "akka," ẹ̀gbọ́n obìnrin. Kannada, Tamil àti Telugu ló ni wọ́n lápapọ̀. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ẹni tí inú ń bí. Èdè Kannada náà ní "o" àti "ẹ" tirẹ̀: "hogu" ni wọ́n ń sọ fún ọmọdé pé kó lọ, "hogi" ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Nítorí náà, "Anna, swalpa hinde hogi," ìyẹn "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀." Ẹni tó bá fi "hogu" síbẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀.

Bí èébú bá ṣì dé, kó gun orí pèpéle padà, kó má sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀, kó má dúró níwájú bọ́ńpà. Kó kọ nọ́ńbà ọkọ̀, aago àti ìtọ́sọ́nà tí ọkọ̀ ń lọ, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Kò gbọdọ̀ yọ fóònù láti ya fídíò ẹni tó ń bú u. Ojú èrò ni ìjà ti máa ń dàgbà.

Àna wa kan ní Bengaluru ti lé ní ẹni ọdún 65, oòrùn ò bá a lára mu. Ṣé ó lè ṣe tirẹ̀ láti orí fóònù? (Òǹkàwé kan, London)

Ó lè ṣe é dáadáa. Delhi ló gbòde lọ́dún 2010 nígbà tí ọlọ́pàá ìrìnnà ibẹ̀ ṣí ojú ewé lórí Facebook. Láàárín oṣù bíi méjì, ará ìlú ti gbé àwòrán tó súnmọ́ 3,000 síbẹ̀, ọlọ́pàá sì ti fi wọ́n kọ ìwé ìtanràn 665. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Àwòrán tí kò ṣe é lò ló pọ̀ jù. Bengaluru gbé áàpù Public Eye jáde ní 2015, BTP ASTraM sì ni áàpù tí ọlọ́pàá ń gbé lárugẹ báyìí. Ní Delhi, áàpù Traffic Prahari tí wọ́n tún ṣí lọ́dún 2024 ń fún àwọn tó bá ṣe dáadáa jù ní ẹ̀bùn owó lóṣooṣù. Owó yẹn kò dùn mọ́ wa nínú tó bẹ́ẹ̀, torí ó lè sọ aládùúgbò di ọdẹ, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán tó ṣe é lò gbọ́dọ̀ ní nǹkan mẹ́ta pa pọ̀ nínú férémù kan: nọ́ńbà ọkọ̀ tó ṣe é kà látòkèdélẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà fúnra rẹ̀, àti ohun tó fi hàn pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọ̀kadà tó wà lórí ìlà ẹlẹ́sẹ̀ kò tíì jẹ́ ẹ̀rí bí iná pupa kò bá sí nínú àwòrán kan náà. Fún ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ síbi tí kò yẹ, kí pátákó tó sọ pé kí wọ́n má gúnlẹ̀ hàn. Nọ́ńbà Karnataka ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KA àti nọ́ńbà ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, bíi KA 01 tàbí KA 05. Tí àwọn wọ̀nyí bá ṣókùnkùn, iṣẹ́ ti já sófo. Pátákó funfun jẹ́ ti aládàáni, yẹ́lò jẹ́ ti ọkọ̀ èrò, aláwọ̀ ewé jẹ́ ti ọkọ̀ oníná.

Kí àna yín dúró sí gbàgede ilé tàbí ibi ìdúró bọ́ọ̀sì, kó má ṣe ya àwòrán nígbà tó ń wakọ̀. Kó má sì gbé e sójú íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ẹni tó ya nọ́ńbà mọ́tò lè ṣi ẹni mú, ọlọ́pàá sì lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí i lórí Facebook kò ní yẹ nǹkan kan wò.

Kí ló dé tí ọ̀kadà ṣì ń gba wọ́nwéè bí ẹnì kan tilẹ̀ dúró níbẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Nítorí ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń tì wọ́n. Ẹ gbà pé ilé epo tí ẹnì kan ń lọ wà ní 150 mítà lẹ́yìn rẹ̀, ní apá títì kan náà, ìpín àárín títì sì ga. Ibi tó ti lè yí padà wà ní kìlómítà kan síwájú. Kìlómítà kan lọ, kìlómítà kan bọ̀, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tí kò ju kìlómítà 12 ní wákàtí: ó kéré tán, ìṣẹ́jú 10 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìdajì ìṣẹ́jú ni bó bá gba wọ́nwéè. Owó ìtanràn tí wọ́n ń mú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò lè borí ìṣírò yìí lójoojúmọ́. A ò ní kí ẹnikẹ́ni gba wọ́nwéè. Ẹni tó dojú kọ bọ́ọ̀sì lójijì kì í sábà yè é. Ṣùgbọ́n a kì í tọ́jú egbò láìwo ohun tó gún ẹsẹ̀.

Ibí ni ìwé kékeré àti bírò ti lágbára ju fèrè lọ. Kí olùyọ̀ǹda ka ọ̀kadà, ọ́tò àti mọ́tò tó ń gba ibẹ̀ lódì fún ìṣẹ́jú 15, ní wákàtí kan náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kó kọ ibi tí wọ́n ti ń wọlé àti ibi tí wọ́n ń jáde sí. Kó fi ẹsẹ̀ wọn bí ibi ìyípadà ṣe jìnnà tó. Ojú ìwé kan tó ní nọ́ńbà wọ̀nyí ni kó mú lọ bá ọlọ́pàá àti àwọn tó ń ṣètò títì ìlú. "Awakọ̀ ibí ya agbéraga" kò ṣe é fi lànà. "Ọ̀kadà 62 ní ìṣẹ́jú 15" ṣe é fi lànà. Ọlọ́pàá lè gbà kí wọ́n ṣí àlàfo síbẹ̀, wọ́n sì lè kọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè sọ pé àwọn ò mọ̀.

Kòtò náà wà lára ohun tó yẹ kó kọ. Ọkọ̀ tó yà lójijì lè jẹ́ pé kòtò ló ń sá fún. Ní Mumbai, Dadarao Bilhore, tí kòtò ojú títì pa ọmọ rẹ̀ Prakash lọ́dún 2015, ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí kòtò láti ìgbà náà.

Bí olùyọ̀ǹda bá sì ń dúró nítorí wọ́nwéè, ẹnu ibi tí wọ́n ń bá wọlé ni kó dúró sí. Ẹni tó ti wọ ọ̀nà òdì ní 100 mítà kò ní ibi tó máa gbà yí padà láìséwu. Dídá a dúró níbẹ̀ burú ju fífi í sílẹ̀ lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé fífọn fèrè ọkọ̀ lè mú kí iná pupa pẹ́? (Òǹkàwé kan, Àkúrẹ́)

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Mumbai ni. Lóṣù kìíní 2020, ọlọ́pàá ìrìnnà ibẹ̀ fi hàn bí wọ́n ṣe so ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo mọ́ iná ìkóríta mélòó kan: bí fèrè ọkọ̀ bá ti kọjá 85 decibel, iná pupa á tún kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin Íńdíà sì ní kí ó dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín 100 mítà sí ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti kóòtù. Iṣẹ́ olùyọ̀ǹda níbẹ̀ kò ju pátákó tó hàn ketekete àti ìka lórí ètè.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, ṣé ọlọ́pàá ò ní dá a dúró? (Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀rù yìí ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Íńdíà, torí ẹni tó rí wọn máa ń kọjá lọ. Lọ́dún 2022 nìkan, 168,491 èèyàn ló kú lójú títì wọn. Nínú wọn, ẹni 50,029 ló wà lórí alùpùpù láìdé akoto. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fọwọ́ sí ìlànà ààbò fún aláàánú lóṣù kẹta 2016, nígbà tí ẹgbẹ́ SaveLIFE Foundation gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn. Àtúnṣe òfin ọkọ̀ ọdún 2019 sì fi abala 134A kún un. Ẹni tó ran ẹni tó fara pa lójú ọ̀nà lọ́wọ́ pẹ̀lú ọkàn rere kò ní jẹ̀bi bí nǹkan bá yíwọ́; wọn ò lè fipá gba orúkọ rẹ̀; ilé ìwòsàn ò lè dá a dúró kó wá sanwó.

Ohun tó yẹ kó ṣe rèé. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni kó kọ́kọ́ dojú kọ, kì í ṣe ẹni tó ṣubú. Kí olùyọ̀ǹda kan lọ sẹ́yìn ní bíi mítà 30, kó máa na ọwọ́, kó má baà di pé ìjàǹbá kejì wọ orí àkọ́kọ́. Ẹni kejì ni kó tọ ẹni tó fara pa lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, kó fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò náà gírígírí, kó má sì máa ṣí i wò. Bí ẹni náà bá ń mí, kó fi akoto sílẹ̀ sórí rẹ̀, torí ọrùn lè ti ṣẹ́. Kó má fún un ní omi mu, kó má sì gbé e jókòó sórí ọ́tò bí ọkọ̀ aláìsàn bá ti ń bọ̀. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, 108 ni ti ọkọ̀ aláìsàn. Pípariwo "ẹ bá wa pè wọ́n" sí ogunlọ́gọ̀ kì í ṣiṣẹ́, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíì ti pè. Kó nawọ́ sí ẹnì kan pàtó. Ẹni tó ti gbé fóònù sókè tó ń ya fídíò ló dára jù láti yàn.